Alápatà Ìlú Mithila: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìmọ̀ Àwọn Híńdù àti Àánú Ẹranko, tí a Sọ ní Òkèhò



Mo gbọ́ pé nígbà tí a lẹ orí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara ògiri, àwọn kan fi rẹ́rìn-ín; wọ́n ní kí ni ti Híńdù ní Òkèhò, ìlú tí iyán àti ẹran ìgbẹ́ ti jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti ìgbà tí ìletò mọ́kànlá ti para pọ̀ di ọ̀kan nítorí ogun, tí wọ́n jùmọ̀ fi òkè ṣe odi, títí ọ̀tẹ̀ ọdún 1916 sí ìjọba òyìnbó fi ṣẹlẹ̀, tí a sì kó sọ̀kalẹ̀ ní 1917 wá sí ibi tí a wà lónìí. Ẹ̀rín náà kò bí mi nínú. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má jẹ ẹran mọ́, èmi gan-an ì bá bá yín rẹ́rìn-ín, nítorí mo jẹ ẹran lánàá, bí Ọlọ́run bá sì dá ẹ̀mí sí, n ó tún jẹ ẹ́ lọ́la. Ohun tí mo bá wá ni pé nínú gbogbo ìtàn àwọn Híńdù tí mo ti kà, ẹni tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lórí àánú ẹranko kì í ṣe ẹni mímọ́ tí kì í fi ẹran kan ẹnu. Alápatà ni.

Kí n tó mú yín dé ìsọ̀ alápatà náà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn pé ọ̀rọ̀ Índíà kì í ṣe àjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Índíà ti pẹ́ ní Èkó. Láti ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Chellaram ti wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ná ọjà l'Ékòó láyé ìjọ́un tí kò mọ orúkọ náà. Nígbà ogun Hitler, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjèèjì, èyí tí wọ́n pè ní 81 àti èyí tí wọ́n pè ní 82, gba ilẹ̀ Índíà kọjá lọ jà ní Bọ́mà láàárín ọdún 1943 sí 1945, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ìtàn tí àwọn bàbá wọ̀nyí mú bọ̀, tí àwa ọmọdé ń gbọ́ lábẹ́ igi ọdán, kì í ṣe ti ìbọn nìkan, ó jẹ́ ti màlúù tí ń dùbúlẹ̀ sáàárín títì ìgboro, tí ọkọ̀ ń dúró dè é títí yóò fi dìde fúnra rẹ̀. Fíìmù Índíà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ ará Índíà dé sí ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláìgbọràn sì ń yọjú wo inú ìkòkò wọn bóyá lóòótọ́ ni kò sí ẹran níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé àlejò funfun tàbí àlejò pupa nìkan ló ń ṣe ẹ̀sìn yìí nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú: ní Gánà, ọmọ onílẹ̀ kan tí a bí ní 1937, tí ayé mọ̀ sí Swami Ghanananda Saraswati, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Rishikesh lẹ́bàá odò Ganges, ó padà wá dá ilé ìsìn Híńdù sílẹ̀ ní Accra ní 1975, àwọn ọmọ Gánà bíi tirẹ̀ ló sì ń wá síbẹ̀, títí ó fi papò dà ní 2016.

Kí wá ni àwọn ènìyàn yìí wí? Ẹ̀sìn wọn kò ní olùdásílẹ̀ kan, kò ní ìwé kan ṣoṣo, àwọn ọlọ́gbọ́n wọn sì ti ń bá ara wọn jiyàn fún ohun tó lé ní 2,500 ọdún láìsí pé ẹnì kan lé ẹnì kejì jáde kúrò nínú agbo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé "Báyìí ni Híńdù wí" gbọ́dọ̀ rọra. Síbẹ̀, ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wọn jọ gbà: pé ẹ̀mí tí ó wà nínú mi, òun náà ló wà nínú yín, òun ló wà nínú erin àti nínú eèrà, ara ló yàtọ̀, olùgbé inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Bhagavad Gita, tí ó jẹ́ ààyò ìwé fún ọ̀pọ̀ wọn, kò fi iye ìwé tí ènìyàn kà díwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀; ó fi í díwọ̀n bóyá ó lè fi ojú kan náà wo àlùfáà ọ̀mọ̀wé, màlúù, erin, ajá, àti ẹni tí gbogbo ìlú ń yẹra fún nítorí pé ajá ló ń jẹ. Èkejì ni pé ẹni tí ó kú yóò tún wá sáyé, kò sì di dandan kí ó tún wá ní ènìyàn. Àwa náà gbà pé àgbà ń padà wá, a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ṣùgbọ́n inú ẹbí ni tiwa ń padà sí, kì í yà sí agbo ewúrẹ́. Tiwọn lè yà síbẹ̀. Ìwà tí ó ti inú èrò méjèèjì yìí jáde ni wọ́n ń pè ní ahimsa, pé kí ènìyàn má fi èrò, ọ̀rọ̀ tàbí ọwọ́ ṣe ohun ẹlẹ́mìí kankan níbi. Ó ti wà nínú Chandogya, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìjìnlẹ̀ wọn tí ó pẹ́ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba ńlá wọn kan náà ti ń fi ẹṣin àti ewúrẹ́ rúbọ rí lójúbọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran fi ń kúrò nínú ọ̀pọ̀ ẹbọ wọn, tí ìyẹ̀fun pípò, elégédé àti àgbọn fi ń bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ó tó kí n sọ ìtàn náà wàyí. Inú Mahabharata, ìwé ìtàn ńlá àwọn Híńdù, ló wà, níbi tí wọ́n ti lé ọba Yudhishthira àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sínú igbó, tí arúgbó kan tí ń jẹ́ Markandeya sì ń fi ìtàn tù wọ́n nínú. Ó ní ọ̀dọ́ àlùfáà kan wà tí ń jẹ́ Kaushika, ó ti kàwé mímọ́ títí orí rẹ̀ ti ń wú díẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ké ọ̀rọ̀ ìwé, ni ẹyẹ funfun kan tí ó jọ lékeléke bá ṣu sí i lára látòkè. Kaushika gbójú sókè tìbínú-tìbínú. Gbogbo agbára tí ó ti fi ààwẹ̀ àti àdúrà kó jọ sì gba ojú rẹ̀ jáde, ẹyẹ náà já lulẹ̀, ó kú fin-ín fin-ín. Nígbà tí ó rí òkú rẹ̀ nílẹ̀, ó ká a lára. Ó dìde, ó lọ tọrọ oúnjẹ lábúlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn bíi tirẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kan, ìyàwó ilé ní kí ó dúró díẹ̀. Bí obìnrin náà ti fẹ́ gbé oúnjẹ jáde ni ọkọ rẹ̀ ti oko dé pẹ̀lú ebi, ó sì yà lọ gbọ́ ti ọkọ ná. Àlùfáà dúró, dúró, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Nígbà tí obìnrin yóò fi yọjú, ó ti ranjú kankan mọ́ ọn. Obìnrin yìí kò tilẹ̀ ta kìjí: ó ní kí bàbá rọra, òun kì í ṣe ẹyẹ orí igi. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún un? Inú igbó ni ẹyẹ kú sí, kò sì sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Ẹnu ya àlùfáà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọkàn rẹ̀, obìnrin náà sì ní bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìwà rere í ṣe, kí ó lọ sí ìlú Mithila, kí ó béèrè ọkùnrin kan báyìí.

Ó rìn títí ó dé Mithila, ó ń retí àgbà onírùngbọ̀n nínú tẹ́ḿpìlì. Ìsọ̀ ẹran ni wọ́n júwe fún un. Ó bá ọkùnrin kan láàárín ẹran àgbọ̀nrín àti ẹran ẹfọ̀n, àwọn oníbàárà rọ̀gbà yí i ká, àlùfáà sì dúró sí òkèèrè kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí i láṣọ. Alápatà rí i, ó dìde lọ bá a, ó kí i, ó ní òun mọ ẹni tí ó rán an wá. Nígbà tí wọ́n dé ilé, àlùfáà kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní iṣẹ́ yìí mà burú o, fún ọlọ́gbọ́n bíi tirẹ̀. Alápatà kò jiyàn. Ó gbà pé iṣẹ́ náà burú. Ó ní ọwọ́ bàbá òun ni òun ti bá a. Òun kì í fi ọwọ́ ara òun pa ẹran, èyí tí àwọn ẹlòmíràn pa ni òun ń tà, òun kì í sì í jẹ nínú rẹ̀. Òun ń tọ́jú ìyá àti bàbá òun tí wọ́n ti di arúgbó, ìyẹn sì ni ìsìn tí òun ń sìn. Ó wá bi àlùfáà léèrè pé, àgbẹ̀ ńkọ́? Ohun ìtúlẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fà, ẹ̀mí mélòó ló ń gé sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ kí ìrẹsì tó hù? Ẹni tí ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀? Irúgbìn tí aláìjẹran ń jẹ, ṣé kò ní ìyè ni? Kò sí ẹni tí ó wà láyé láìpa nǹkan lára, ohun tí ó sì ya ẹni kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì ni pé ọ̀kan mọ̀ ọ́n, ó sì ń ṣọ́ra kí ó lè dín in kù. Èkejì kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n kò bìkítà. Ó tún jẹ́wọ́ fún àlùfáà pé ní ayé òun àtẹ̀yìnwá, ọ̀mọ̀wé ni òun, tí òun ń bá ọba ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn jọ lọ ṣọdẹ, ọfà òun sì lọ bá ẹni mímọ́ kan nínú igbó, èpè tí ẹni náà ṣẹ́ ni ó sọ òun di ọmọ alápatà.

N kò mọ ìtàn tí ó gbọ́n jù báyìí lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó fi ààwẹ̀ àti àdúrà ya ara rẹ̀ sí mímọ́ ni ó fi ojú lásán pa ẹyẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ ni ó mọ ìwọ̀n ẹ̀mí tí ń kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ Híńdù ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ wa, tí wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ kò ju kí a má jẹ ẹran lọ, kò tíì dé ìsọ̀ ọkùnrin yìí.

Àwọn baba wa kò sì ṣaláìmọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dunni tó. Gbogbo wa ń pa òwe yìí bí a bá ń báni làjà, ènìyàn ni a sì máa ń fi í gbè. Ó yẹ kí a rántí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹyẹ ni wọ́n dárúkọ. Ìdílé mélòó ló wà ní Òkè-Ògùn níbí tí kì í jẹ irú ẹran kan nítorí pé ẹran náà ṣe baba ńlá wọn lóore lọ́jọ́ ìjà tàbí lọ́jọ́ òùngbẹ? Ta ni kò gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ sílẹ̀ di obìnrin arẹwà, tí ó jí awọ náà gbé lọ pamọ́ sínú àká, tí ó sì fi Ọya ṣaya láìmọ̀? Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú ẹran lásán wo ẹfọ̀n mọ́. Àwọn ọdẹ wa sì nìyí, tí ó jẹ́ pé ẹranko tí wọ́n ń pa gan-an ni wọ́n ń kì nínú ìjálá, tí wọ́n ń ki erin ní oríkì ọba, tí wọ́n ń sọ ti ìrìn ẹkùn àti ti ojú ẹtu. Bí wọ́n bá sì pa èyí tí ó tóbi nínú wọn, ètùtù ń bẹ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹni tí ó ń ki ohun tí ó pa mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé bí alápatà Mithila bá wọ agbo ọdẹ Òkèhò lálẹ́ ìrèmọ̀jé, wọn yóò gbọ́ èdè ara wọn.

Bóyá wọn yóò gbọ́ ọ lónìí ni n kò lè búra sí. Gàmálíìnì, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sódò fi pẹja, kì í mọ ẹja ńlá yàtọ̀ sí ọmọ ẹja, kì í sì í mọ ẹja yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn tí yóò pọn omi náà. Iná tí a ń ti bọ ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́ kí ẹran lè sá jáde kò ní oríkì kankan lẹ́nu: mo ti bá wọn gbẹ́ ihò kan lẹ́yìn iná bẹ́ẹ̀ rí, a bá ìyá òkété tí ó ti gbẹ, ó ká ara rẹ̀ yí àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú wọn kò tíì là ká, kò sì sí ẹni tí ó lè jẹ èyíkéyìí nínú wọn. Lójú títì Ìsẹ́yìn, ẹ óò rí ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n so tọwọ́ tẹsẹ̀, tí wọ́n gbé dábùú ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí orí ọ̀kan ń já ṣọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́bàá táyà, ahọ́n rẹ̀ ti kún fún eruku. A ń kó màlúù láti òkè ọya wá lórí ìdúró. Èyí tí ó bá ṣubú nínú ọkọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́, bí a bá sì dé odò ẹran tí kò lè dìde, ìrù rẹ̀ ni a ó ká títí egungun yóò fi dún. Òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, ní ẹsẹ̀ 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50! Kò ra bọ̀ọ̀lì.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ẹ lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọ̀run rere ni Índíà fún ẹranko. Ìwádìí ilé iṣẹ́ Pew tí a tẹ̀ ní 2021 fi hàn pé nínú 100 Híńdù níbẹ̀, 44 péré ló pe ara wọn ní aláìjẹran. Ní nǹkan bí ọdún 1902, Gandhi rí agbo àgùntàn tí wọ́n ń dà lọ sí ìdí òrìṣà Kali ní Calcutta, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Òun kan náà ni kò bo àṣírí àwọn ènìyàn rẹ̀: ó ní ẹ̀yin tí ẹ ń forí balẹ̀ fún màlúù, ẹ wo bí ẹ ti ń fún wàrà rẹ̀ títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn, ẹ wo egungun ìhà akọ màlúù tí ń fa ẹrù yín. Òfin ńlá ilẹ̀ náà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950 rọ ìjọba, ní abala 48, pé kí wọ́n fòpin sí pípa màlúù. Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò dára létí gbọ́: ní Dadri, ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn ya bo ilé Mùsùlùmí kan lóru nítorí àhesọ pé ẹran màlúù wà nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì lù ú pa. Ẹ sọ fún mi, ṣé àánú màlúù nìyẹn? Ojú Kaushika ni, tí ó tún ti inú aṣọ àlùfáà jáde.

Ojú yìí kò sì jìnnà sí wa. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ lóru, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, làálàá ọdún kan ti di ìgbẹ́ ẹran. Àgbẹ̀ fa àdá yọ. Ní 2019 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀, òfin náà sì dára. Ẹni tí ó bá da ẹran wọ oko olóko, ọ̀daràn ni, kí a mú un lọ síwájú adájọ́, kí ó san ohun tí ó jẹ. Darandaran tí ẹ̀mí màlúù rẹ̀ wúwo lójú rẹ̀ ju ẹ̀mí ọmọ àgbẹ̀ lọ, arákùnrin àwọn ará Dadri ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ ń sùn ní gàá, màlúù tí kò mọ ààlà oko ni a ń ṣá ní iṣan ẹsẹ̀, tí ó ń wọ́ kiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Níbo ni ẹjọ́ tirẹ̀ wà? Mo sọ ọ́ níwájú Kábíyèsí, Ọ̀njọ ti Òkèhò, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn: àdá tí ó bọ́ sí ẹsẹ̀ màlúù kò dá ẹ̀gẹ́ kan padà rí.

Àwọn ẹ̀sìn tí ó wà lọ́wọ́ wa kò sì ṣe àìsọ̀rọ̀ lórí àánú ẹranko. Mùsùlùmí tí ó bá mọ ẹ̀kọ́ Ànábì mọ̀ pé a ní kí òun pọ́n ọ̀bẹ dáadáa, kí ó má sì pọ́n ọn lójú ẹran. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tí ó bá ka ìwé Òwe mọ̀ pé olódodo ń ro ti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí mo ń pè sí ẹ̀sìn tuntun.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo mú wá. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ alápatà, mo bẹ̀ yín, ẹ ta aṣọ tàbí páànù sí àárín odò ẹran, kí èyí tí ó kàn má máa dúró wo èyí tí à ń dúńbú lọ́wọ́. Ẹ fún wọn lómi mu kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n, kí ẹ sì lé ẹni tí ó bá ń ká ìrù màlúù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ fi ẹran tí ó lóyún sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó bá ń da Gàmálíìnì sódò níwájú Olúọdẹ. Ẹ̀yin aṣojú wa ní Ìbàdàn àti ní Àbújá, owó ìtanràn náírà 50 yẹn ti pẹ́ jù nínú ìwé. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, kòtò omi kan àti igi ìbòòji mélòó kan ní ọjà ẹran kò ju agbára wọn lọ. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà, kí wọ́n sì gbin àwọn igi náà kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.